Táyà tuntun ń ha inú fẹ́ńdà: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì. Mo pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ asáré mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá yí sitíárìn dé òpin, nǹkan kan á máa ha níwájú. Bí mo bá sì kó sí kòtò, á gbún lẹ́yìn. Fọkanáísà ní kí n jẹ́ kí òun gé ike inú fẹ́ńdà. Ṣé kí n gbà fún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì jẹ́ kó gé e. Ohun tí a bá gé kò ṣeé lẹ̀ padà, ẹ ò sì tíì mọ ibi tí táyà ti ń fara kàn. Ohùn méjì lẹ sọ, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ fi wé èyí tó wà lára bébà tí wọ́n sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ má fi wé táyà àtijọ́ nìkan, torí òun náà lè má bá ọkọ̀ mu. Ká ní 225/45R17 ló wà níbẹ̀. 225 ni ìbú táyà ní mìlímítà. 45 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 45 nínú 100 ìbú yẹn. 17 ni ríìmù, ní íǹṣì. Bí wọ́n bá wá tà 245/45R17 fún yín, 45 àti 17 bára mu lóòótọ́, àmọ́ ìdá 45 ti 245 ju ti 225 lọ. Táyà náà á fi mìlímítà 20 fẹ̀ sí i, á sì fi 18 ga sí i láti ilẹ̀ dé orí. Nínú fẹ́ńdà ọkọ̀ asáré, tí àyè ibẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, ìyẹn pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ 245 lórí ríìmù yẹn, 245/40R17 ló sún mọ́ gíga ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ ju ti iwájú lọ. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gbé ti ẹ̀yìn síwájú, irú ohùn tí ẹ ń gbọ́ yìí gan-an ló máa ń wá. Ibẹ̀ ni èmi kọ́kọ́ máa ń wò.

Bí nọ́ńbà bá pé, táyà ṣì lè ha. Ojú táyà tuntun sábà máa ń jinlẹ̀ tó mìlímítà 8. Èyí tó ti fá lè ku 2. Igun táyà ilé-iṣẹ́ kan sì lè yọ síta ju ti òmíràn lọ, bí nọ́ńbà wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ wá mú ẹfun, kí ẹ fi kun igun táyà iwájú nínú àti lóde. Ẹ wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ yí sitíárìn dópin sọ́tùn-ún, lẹ́yìn náà sósì, kí ẹ sì tún wà á sẹ́yìn. Ibi tí ẹfun bá mọ́ nínú fẹ́ńdà, ibẹ̀ ló ń ha. Ẹ má fi jáàkì gbé e láti wò ó o. Táyà tó so rọ̀ lófuurufú kò dúró síbi tó máa ń wà nígbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ ike ló ní ẹfun, ẹ fọwọ́ mì í. Ìdè kékeré tó dè é mú lè ti já nígbà tí wọ́n ń tú táyà. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ gé fẹ́ńdà rẹ̀ nítorí irú ìdè bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo.

Ní ti ẹ̀yìn, ẹ wọn àyè láti àárín ríìmù dé ètè fẹ́ńdà lọ́tùn-ún àti lósì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bí ọ̀kan bá fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ rẹlẹ̀, ẹ yẹ sípíríǹgì wò bóyá ó ti kán. Táyà tuntun kàn fi hàn ni.

Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ẹ dá táyà padà. Kí ẹ tó tún sáré, ẹ fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ inú táyà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo ọ̀pá rọ́bà búréèkì tó wà nítòsí rẹ̀. Bí okùn inú táyà bá ti yọ síta níbi tó ti ń ha, ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì wà á mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.