Iṣan màmá le bí ọsán ọrun: ṣé agbára ni?

Ìbéèrè: Màmá mi, ẹni ọdún 76, wà lọ́dọ̀ mi ní London. Ọ̀rẹ́ wọn kan mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ṣe ìṣègùn Ṣáínà nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ó di ọrùn ọwọ́ wọn mú fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ó ní iṣan wọn ń lù gidi bíi ti ọ̀dọ́, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ, kí wọ́n fi amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, sílẹ̀, kí wọ́n máa mu àgbo òun. Inú màmá ń dùn, wọ́n ti fi oògùn sílẹ̀. Ṣé ìṣègùn Ṣáínà ṣeé gbára lé báyìí ju ti òyìnbó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ pe dókítà màmá lónìí, kí ẹ sọ iye ọjọ́ tí wọn ò ti lo oògùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ padà wá ka ìyókù.

Ẹ má sọ ọ́ di ìjà Ṣáínà àti òyìnbó. Iṣẹ́ ìṣègùn Ṣáínà yìí ni mo ń ṣe jẹun, nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ohun tí ọkùnrin yẹn sọ ti burú. Li Shizhen, àgbà oníṣègùn Ṣáínà kan, ka irú ìlù iṣan 27 sílẹ̀ lọ́dún 1564. Kò sí èyí tó ń jẹ́ "má lo oògùn mọ́" níbẹ̀.

Iṣan tó le, tó nà tààrà lábẹ́ ìka, xián ni wọ́n ń pè é. Ọsán ọrun gan-an ni ìtumọ̀ rẹ̀. Lára ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ọsán yẹn le nítorí pé nǹkan kan ń fà á: ìbínú, ìrora, wàhálà. Lára àgbàlagbà, ó sábà máa ń le nítorí pé ó ti gbẹ. Ẹ tẹ awọ tí wọ́n sá sóòrùn wò. Ó le, àbí? Agbára wo ló ní? Iṣan ẹ̀jẹ̀ àgbà kì í fẹ̀ mọ́ bíi tàtijọ́. Bí ọkàn bá ti ẹ̀jẹ̀ sínú rẹ̀, ńṣe ló máa gbá ìka ẹni padà. Líle yìí náà ló ń gbé nọ́ńbà òkè lọ sókè lójú ẹ̀rọ tí ti ìsàlẹ̀ ò fi tẹ̀ lé e, irú 168 lórí 72. Nítorí náà, iṣan "ọ̀dọ́" tí wọ́n tìtorí ẹ̀ yin màmá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an ló ń kanlẹ̀kùn.

Bàbá ẹni ọdún 81 kan wọlé sọ́dọ̀ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sinmi lórí àtẹ̀gùn. Mo fi ìka mẹ́ta lé iṣan ọrùn ọwọ́ òsì wọn. Lókè, ó le bí ojú gángan. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti ń fẹ́ sọnù. Mo tẹ̀ ẹ́ débi egungun, lábẹ́ ìka kẹta, níbi tí à ń pè ní chǐ, tí à ń wá kíndìnrín sí: òfìfo. Gé lorúkọ èyí, àwọn àgbà iṣẹ́ wa náà sì fi awọ ìlù júwe rẹ̀: òde le, inú ṣófo. Ẹni tó bá kàn fọwọ́ bà á lóréfèé á pe bàbá yẹn ní akọni. Mo dá wọn padà sọ́dọ̀ dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí n tó yọ abẹ́rẹ́ Ṣáínà (acupuncture) kankan.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá wá ni ó bí mi nínú jù. Ó tó bíi 1,800 ọdún tí Zhang Zhongjing, àgbà oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, ti ń bú àwọn oníṣègùn tí kì í ka ìlù iṣan pé 50. Bí ọkàn bá ń lù ní 70 láàárín ìṣẹ́jú kan, méjìlá péré lọkùnrin yẹn gbọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni iṣan àgbà lè fo ìlù. Bó bá ń fò ó ségesège, tí kò ní ìlànà, ọkàn lè máa gbọ̀n dípò kó máa fún ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè lọ sínú ọpọlọ: rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Ìka lè fura sí i, ECG, àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya bí ọkàn ṣe ń lù, ló ń fìdí ẹ̀ múlẹ̀.

Ó béèrè oògùn tí màmá ń lò kó tó fọwọ́ kàn wọ́n? Bisoprolol, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, nìkan tó láti mú iṣan falẹ̀, kí ẹnì kan wá pè é ní òtútù inú ara, kó sì po àgbo gbígbóná fún un. Ẹ gba orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú àgbo yẹn. Gāncǎo, gbòǹgbò dídùn tó wọ́pọ̀ nínú àgbo Ṣáínà, lè mú ẹ̀jẹ̀ ru bí wọ́n bá mu ún pọ̀ tàbí pẹ́. Bí màmá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kí wọ́n má fẹnu kan dānshēn, gbòǹgbò àgbo Ṣáínà mìíràn, rárá.

Mi ò rí màmá o, mi ò sì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tó bá yẹ̀ wọ́n wò lẹ ó gbọ́ tirẹ̀. Ní ti orúnkún, wọ́n lè gba abẹ́rẹ́ Ṣáínà lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gún, wọn ò sì ní láti fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á.

Ẹ tún rọra bi wọ́n léèrè bóyá ọrùn ẹsẹ̀ wọn ń wú. Amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan, àwọn ìyá wa kì í sì í sọ. Ẹni tó máa ní kí wọ́n jáwọ́ ni wọ́n máa ń wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oògùn mìíràn wà tí dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn.