Ẹni Kejì Tó Wọlé Ló Ń Gba Ráúǹdì

Àfi bíi pé èmi gan-an ni mo béèrè ìbéèrè yìí. Ẹ ní ẹ̀yin ọ̀rẹ́ márùn-ún lẹ jọ ń gbá Counter-Strike 2, eré ìbọn orí kọ̀ǹpútà tí ẹni márùn-ún ti ń kojú ẹni márùn-ún, kò sí ẹni tí kò mọ ìbọn yìn nínú yín, ẹ sì máa ń ṣe dáadáa tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń ṣọ́lé. Ṣùgbọ́n tó bá ti kàn yín láti gbé bọ́ǹbù wọ site, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń gbé e kalẹ̀, wọ́n á lù yín bolẹ̀. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ tún lọ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ìbọn yíyìn sí i.

Ẹ má lọ o. Ohun tí àwa ṣe nìyẹn, odindi oṣù mẹ́rin ló bá a lọ. Alaalẹ́ la máa ń wọ máàpù ìdánrawò, tí a ó máa yìnbọn sí orí àwọn ère. Ọwọ́ wa dá ṣáṣá sí i lóòótọ́. Àmọ́ bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà site, wọ́n á máa mú wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń já ọsàn.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n fi 13 sí 2 lù wá, oorun ò kùn mí, mo bá ṣí fídíò eré náà, mo ń wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fi aago lé e. Ráúǹdì kan wà níbẹ̀, lórí máàpù tí wọ́n ń pè ní Mirage. Èmi ni mo kọ́kọ́ gba ramp, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, jáde sí site A, mo sì kú. Ẹni tó tẹ̀ lé mi ṣì wà lẹ́yìn ògiri, ó ń ki ọta sínú ìbọn tí ọta ṣì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 4 kọjá kó tó yọjú. Ẹni tó pa mí ti kúrò níbi tó wà, ó ti lọ fara pamọ́ sí igun mìíràn, ó na ìbọn dè é. Òun náà ṣubú. Ẹni kẹta tún jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá 5 kó tó dé. Àwa márùn-ún lọ bá ẹnì kan jà, ṣùgbọ́n ìjà ẹnì kan sí ẹnì kan la jà, ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé ẹni kejì ni ìkọlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Márùn-ún làwọn tó ń ṣọ́lé, bíi tiyín, àmọ́ site méjì ni wọ́n ní láti ṣọ́, A àti B. Torí náà, ẹni méjì lẹ sábà máa bá ní site tí ẹ bá yàn, ó pọ̀ tán kó jẹ́ mẹ́ta. Bí ẹni àkọ́kọ́ yín bá kú, tí ẹni kejì sì gbẹ̀san rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ ku mẹ́rin, ó ku ẹnì kan níwájú yín, àwọn yòókù ṣì ń sáré bọ̀ láti òdìkejì máàpù. Ẹ̀yin lẹ jèrè pàṣípààrọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni kejì bá fi falẹ̀, ṣe lẹ kàn fi ọ̀rẹ́ yín tọrẹ.

Ìgbà tí ènìyàn rọrùn ú pa jù lọ ni ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹlòmíràn. Ìbọn rẹ̀ ṣì ń ta sókè, ojú rẹ̀ ṣì wà lára ẹni tó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lójú kan. Àǹfààní yẹn kì í ju ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì lọ. Torí náà, kí ẹni kejì máa rìn sún mọ́ ẹni iwájú, ṣùgbọ́n kó má tò sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, nítorí ọta tó bá la ara ẹni iwájú kọjá yóò bá òun náà. Kó yà sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kí ìbọn rẹ̀ sì ti wà ní ìdúró sókè ní gbogbo ìgbà. Kò gbọdọ̀ sí ọta kíkì, kò gbọdọ̀ sí pé ó di bọ́ǹbù ọwọ́ mú.

Ẹni iwájú náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, kì í sì í ṣe pé kó pa ènìyàn. Bó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà láti jà, ó ti dínà mọ́ àwọn tó kù nìyẹn. Kó sáré wọ inú lọ, kí ojú àwọn tó ń ṣọ́lé máa bá a lọ, kí wọ́n lè kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ má gbé iṣẹ́ yìí fún ẹni tí inú rẹ̀ máa ń bà jẹ́ tó bá rí i pé ikú òun pọ̀ ju ti gbogbo yín lọ. Èmi ni mo ń ṣe é fún tíìmù wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó tún pẹ́ kó tó yé wa ni bí a ṣe ń gbéra. A máa ń ka "ení, èjì, ẹ̀ta". Ẹni méjì á gbéra bí wọ́n bá ti gbọ́ "ẹ̀ta", ẹni méjì á dúró dìgbà tí ẹ̀ta bá kọjá, ẹni karùn-ún kò tilẹ̀ gbọ́ dáadáa nítorí ìbọn ń dún létí rẹ̀. La bá pa kíkà tì. Flash, bọ́ǹbù ọwọ́ tó ń fọ́ni lójú fún ìgbà díẹ̀, la wá fi ṣe àmì. Ẹnì kan lẹ́yìn ló ń jù ú, á sọ pé "ó ti lọ", gbogbo wa á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó bá ti bú gbàù báyìí, a ti wọlé. Gbogbo etí ló ń gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó lè ṣì í gbọ́. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń wọlé kọ́ ló ń jù ú. Bí ènìyàn bá ń ju flash fún ara rẹ̀, kí ìbọn tó padà sí i lọ́wọ́, ẹni tó fọ́ lójú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ríran.

Smoke, bọ́ǹbù ọwọ́ tó ń tú èéfín, ńkọ́? Lórí site A yẹn, mẹ́ta ni gbogbo ènìyàn ń kọ́: ọ̀kan sí ibi tí wọ́n ń pè ní stairs, ọ̀kan sí jungle, ọ̀kan sí CT, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣọ́lé ń gbà bọ̀. Ojú mẹ́ta ni wọ́n ń dí, kó lè jẹ́ pé ẹni tó wà nínú site gan-an nìkan lẹ ó kojú. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n smoke kì í pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 lọ, bọ́ǹbù ọwọ́ tó ń bú sì lè la ihò sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú Counter-Strike 2. Àwa máa ń jù ú tán, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ta ló máa ṣíwájú. Bí ẹ kò bá tíì mọ ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì, ẹ má ì tíì ju ohunkóhun. Kí ẹni méjì gba ramp, kí ẹni méjì gba palace, ọ̀nà kejì tó wọ site náà, kí wọ́n sì yọ pa pọ̀. Olùṣọ́ kan ò lè na ìbọn sí ọ̀nà méjì. Ẹni karùn-ún ni kó máa wo ẹ̀yìn yín.

Ti owó, kò gùn: ẹ jọ rà, tàbí kí ẹ jọ fi pamọ́. AK, ìbọn ńlá olówó gọbọi, kan láàárín ìbọn ìléwọ́ mẹ́rin, ẹ kàn rà á fún àwọn tó máa pa yín ni.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló le jù, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Mo máa ń pariwo mọ́ ènìyàn lórí máìkì, mo ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wí nígbà tí àwọn mẹ́ta ṣì ń jà. Ọ̀kan nínú wa fi tíìmù sílẹ̀ nítorí rẹ̀, mo sì bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó padà. Òfin tí a wá ṣe ni pé ẹni tó bá kú á sọ ibi tí ọ̀tá wà, iye tí wọ́n jẹ́, àti bóyá ọta òun bà wọ́n, lẹ́yìn náà á dákẹ́ títí ráúǹdì á fi parí. Ẹnì kan ló ń pàṣẹ ìkọlù. Bí àṣẹ rẹ̀ kò bá tilẹ̀ dára tó, ẹ jọ ṣe é. Mo ti rí ọgbọ́n tí kò jinlẹ̀ rárá tó gba site nítorí pé àwa márùn-ún gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má sì fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ dìgbà tí aago bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 55 ni ráúǹdì. Ẹ fi bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tàn ká, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n wà, kí ẹ tó kóra jọ. Bí bọ́ǹbù bá ti wà nílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló ní kó tó bú, ẹni tó fẹ́ tú u yóò lo 10, tàbí 5 bó bá ní kit, ìyẹn irinṣẹ́ ìtúbọ́ǹbù. Àwọn ló kàn láti wá bá yín, nítorí náà ẹ má ṣe wá ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ dúró síbi tí ìbọn ẹni méjì ti lè pàdé lórí bọ́ǹbù náà.

Bí ẹ bá lọ sí Valorant, eré ìbọn mìíràn, ìlànà yìí kò yí padà, àfi pé ìṣẹ́jú àáyá 45 ni spike, bọ́ǹbù tiwọn, ní, 7 sì ni títú rẹ̀. Nínú Rainbow Six Siege, eré ìbọn mìíràn tún ni, òkè àti ilẹ̀ tún jẹ́ ọ̀nà: ẹ fi drone, ẹ̀rọ kékeré tó ní kámẹ́rà, wádìí nínú ìṣẹ́jú àáyá 45 ìmúrasílẹ̀, kí ẹnì kan la ilẹ̀ lókè nígbà tí àwọn yòókù bá ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdánrawò tó là wá ni eléyìí. Ẹ ṣí eré àdáni, kí ẹnì kan fara pamọ́ sínú site, kí ẹni méjì wọlé, ọ̀kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ pààrọ̀ ipò, kí ẹ tún un ṣe. Ẹni iwájú kò gbọdọ̀ yìnbọn rárá. Ẹ wo bóyá ẹni kejì á lè gbẹ̀san rẹ̀. Tí ẹ bá sì wọ eré gidi, ẹ padà wo fídíò rẹ̀, ẹ ka iye àáyá tó wà láàárín ìgbà tí ẹni iwájú ṣubú àti ìgbà tí ìbọn ẹni kejì dún, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 4. Oṣù méjì ló gbà kó tó di 1.