Níbo gan-an ni àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà bí a bá gbé e lọ sórí cloud?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Iléṣà ni mí. Àwọn tí ń tajà ní Ọjà Àtàkúnmọ́sà ni wọ́n pọ̀ jù nínú wa. Inú ìwé léjà ni a ti ń kọ owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi pamọ́ àti èyí tí wọ́n yá, kí a tó kó gbogbo rẹ̀ sínú laptop kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ akápò. Laptop náà ti ń kú lójijì báyìí, ọmọ akápò sì ní kí a gbé gbogbo àkọsílẹ̀ lọ sórí cloud. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò tíì gbà. Wọ́n ní: níbo ni nǹkan náà wà, kí ni ó wà nínú rẹ̀, báwo ni a óò ṣe rí ìwé wa bí kò bá sí iná tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ta ni yóò sì máa wo owó wa? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là wá lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, ẹ kú àbójútó ẹgbẹ́, ẹ sì bá mi kí àwọn àgbà. Ìbéèrè tí wọ́n fi ṣáájú ni ó yẹ kí olúkúlùkù kọ́kọ́ bèèrè, nítorí pé bí a bá ti mọ ibi tí àkọsílẹ̀ wà àti ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀, ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè yòókù kò ní jìnnà. Láti Ilé-Ifẹ̀ níbí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ilé-ìwé, ilé oògùn àti ẹgbẹ́ bíi tiyín, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé inú kọ̀ǹpútà gidi ni àkọsílẹ̀ orí cloud wà, kọ̀ǹpútà tí ń jẹ iná, tí ń gbóná, tí ó sì lè bàjẹ́, nínú ilé kan tí ó dúró lórí ilẹ̀ kan pàtó. Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tiyín. Ilé-iṣẹ́ mìíràn ni ó rà á, òun ni ó ń tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yin sì ń yá a lò láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìwọ̀n tí ẹ nílò.

Ẹ fojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá kan tí wọ́n to pẹpẹ irin sí ní ìlà-ìlà, tí ó ga ju ènìyàn lọ. Orí àwọn pẹpẹ náà ni àwọn server wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ tí kò ní ojú tí a fi ń wo nǹkan, tí kò sì ní bọ́tìnnì ìtẹ̀wé, nítorí pé láti òkèèrè ni a ti ń rán an níṣẹ́. Gbọ̀ngàn náà kì í dákẹ́, nítorí fáànù inú server kọ̀ọ̀kan ń ké tọ̀sán-tòru, ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá sì ń lé ooru jáde. Bí iná bá lọ, bátìrì á gbé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tí ń lo dísù tó gbà á. Microsoft ṣí irú ilé bẹ́ẹ̀ sí Johannesburg àti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà ní 2019, Amazon ṣí tirẹ̀ sí Cape Town ní 2020, Google sì ṣí tirẹ̀ sí Johannesburg ní 2024. Amazon tún ní ẹ̀ka kékeré kan ní Èkó. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ àkáǹtì ọ̀fẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò ni ẹ lò, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò yan ibi tí yóò tọ́jú nǹkan yín sí. Ó lè jẹ́ Yúróòpù, ó sì lè jẹ́ Amẹ́ríkà.

Ọ̀nà tí ó lọ síbẹ̀ ni apá kejì, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè yín nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ́ sí. Bí akápò bá tẹ iye owó kan sínú fóònù rẹ̀ ní Iléṣà, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ó wà nítòsí ni yóò gba iṣẹ́ náà, wáyà abẹ́ ilẹ̀ á gbé e dé Èkó, àwọn wáyà ńlá tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ òkun á sì gbé e lọ sí òkè òkun. MainOne wà lára àwọn wáyà òkun wọ̀nyí láti 2010. Equiano, tí Google ṣe, dé etíkun Èkó ní 2022. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin nínú wọn bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lábẹ́ òkun nítòsí orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì àti ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ni iṣẹ́ wọn sì dúró tàbí tí ó falẹ̀. Kí àwọn àgbà fọkàn sí èyí dáadáa: wáyà tí ó já kò pa àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́, ọ̀nà ni ó dí. Bákan náà ni ti iná. Bí iná bá lọ ní Iléṣà, kò kan server tí ó wà ní Johannesburg, fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún sì tó láti fi ka ìwé ẹgbẹ́. Àwọn áàpù kan, irú bíi Google Sheets, tún máa ń gbà yín láàyè láti ka ìwé kí ẹ sì kọ ọ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí yóò sì fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan ètò yẹn sílẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì wà.

Ohun tí ó sọ yíyá kọ̀ǹpútà báyìí di iṣẹ́ tí ó ṣeé ṣe ni pé a lè pín server ńlá kan sí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ètò kan tí ń jẹ́ hypervisor ni ó ń ṣe ìpín náà, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan yóò fi rò pé òun nìkan ni òun wà nínú ẹ̀rọ, tí kò sì ní rí nǹkan aládùúgbò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ti ń ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1967. Ṣáájú ìyẹn, ní 1961, ni ọ̀mọ̀wé John McCarthy sọ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà pé ó ṣeé ṣe kí a ṣètò agbára kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan fún gbogbo ìlú bí a ṣe ṣètò tẹlifóònù. Ní 2006 ni Amazon bẹ̀rẹ̀ sí fi ibi ìpamọ́ àti server rẹ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní káàdì báńkì, láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké.

Ibi ìpamọ́ náà fẹ́ àlàyé díẹ̀, nítorí òun ni ẹ nílò jù. Nígbà tí ẹ bá fi ìwé kan pamọ́, ilé-iṣẹ́ cloud tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi í sí orí díìsìkì kan ṣoṣo. Ibi ìpamọ́ S3 ti Amazon, nínú oríṣi rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù, ń tọ́jú nǹkan káàkiri ó kéré tán ibùdó mẹ́ta tí ó jìnnà síra wọn. Díìsìkì kan lè kú kí ẹ má tilẹ̀ mọ̀. Èyí ni laptop akápò kò lè ṣe fún yín láé. Àmọ́ ẹ̀rọ kò mọ̀ bóyá àṣìṣe ni ẹ ṣe. Bí ọmọ kan bá pa orúkọ ènìyàn mẹ́wàá rẹ́ nínú ìwé, gbogbo ẹ̀dà ni yóò pa á rẹ́ pẹ̀lú. Google Drive, ibi ìpamọ́ ti Google, máa ń tọ́jú fáìlì tí a jù nù fún ọjọ́ 30, ó sì ń fi bí ìwé ṣe rí tẹ́lẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tètè wo ìwé rẹ̀ lè má mọ̀ títí àkókò náà yóò fi kọjá. Ilé náà pẹ̀lú lè jóná: ní oṣù kẹta 2021, ilé àwọn server kan tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ cloud OVH jó kanlẹ̀ ní Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn sì pàdánù nǹkan wọn pátápátá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà yá nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lè yá server òfìfo, kí ẹ wá ẹni tí yóò máa to gbogbo nǹkan sínú rẹ̀ tí yóò sì máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ lè yá èyí tí wọ́n ti tò tán, kí ẹ gbé áàpù tí ẹ fúnra yín kọ lé e lórí. Ẹ sì lè lo áàpù tí ẹlòmíràn ti kọ parí, tí iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ ṣí i kí ẹ sì máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Èrò mi ni pé ẹgbẹ́ yín kò ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà méjì àkọ́kọ́. Dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò owó server, ó sì ń ka owó níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní títàn, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹgbẹ́ ọlọ́jà máa san irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, ẹ ní kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ níwájú ìpàdé. Google ń fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní àyè ìpamọ́ 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, àkọsílẹ̀ owó ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn kò sì lè kún ìdákan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fọ́tò àti fídíò ni ó ń kún un, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ ṣí àkáǹtì kan fún ẹgbẹ́ nìkan, kí ẹ má ṣe lo ti akápò.

Ní ti ẹni tí yóò máa wo owó yín, ilé-iṣẹ́ cloud máa ń sọ àkọsílẹ̀ di àdììtú lójú ọ̀nà àti níbi ìpamọ́. Ewu tí mo rí jù kò ti ibẹ̀ wá. Ó ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi líǹkì ìwé sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ pẹ̀lú àyè pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ní líǹkì lè ṣí i. Ẹ fi orúkọ pe àwọn tí ó lè kọ nǹkan sí i, bóyá ẹ̀yin àti akápò, kí alága àti olùṣàyẹ̀wò owó lè kà á láìlè yí i padà. Ẹ tan ètò tí yóò máa bèèrè kóòdù lẹ́yìn password. Nọ́ńbà fóònù tí kóòdù náà ń bọ̀ sí ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹ sì máa lò ó déédéé, nítorí pé nọ́ńbà tí a kò lò fún ọ̀pọ̀ oṣù ni ilé-iṣẹ́ fóònù lè gbé fún ẹlòmíràn. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí ilẹ̀kùn tì mọ́ síta nítorí pé akápò àná lọ pẹ̀lú síìmù rẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, sì fi ìtọ́jú orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí ọrùn ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ibi yòówù tí server lè wà.

Ẹ má ṣe ju ìwé léjà nù. Ẹni tí ó mọ ìtàn àwọn òṣómàáló mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ti mọ bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ìwé náà jáde, ẹ fún alága, kí ẹ sì da ẹ̀dà kan sínú flash tí kò sí lọ́dọ̀ akápò. Kí laptop náà tó kú pátápátá, ẹ gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ sínú àkáǹtì tuntun ní ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ fún olùṣàyẹ̀wò owó ní fóònù mìíràn, kí ó wá ènìyàn márùn-ún tí òun fúnra rẹ̀ yàn, kí ó sì fi iye tí ó rí wé ti léjà. Bí iye kan kò bá bá ara mu, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ nínú laptop.