Ẹ má tìtorí nọ́ńbà kúrò lórí Debian

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ọ̀fà, ẹ ní ẹ̀dà 7.4 LibreOffice tí ẹ fi ń kọ ìwé ni Debian 12, ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà yín, fún yín, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣe LibreOffice ti bọ́ sí 24.2 láti 2024. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kó kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ṣọ́ọ̀bù yín lọ sórí Arch, Linux mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù. Mo ti gba ọ̀nà yẹn kọjá ní Tanke níbí, ojú mi sì rí nǹkan.

Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ni mo ní nígbà náà, Arch ló wà lórí gbogbo wọn. Arch fúnra rẹ̀ kò burú: ohun tí wọ́n bá gbé jáde, kì í pẹ́ tó fi ń dé ọ̀dọ̀ ẹni. Àmọ́ gbogbo package (ètò kọ̀ọ̀kan tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà) ló gbọ́dọ̀ jọ tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Dátà ni mo ń ṣọ́. Mo fa àkójọ orúkọ package tuntun wọlé, mo gbé package kan ṣoṣo lé e, mo fi ìyókù sílẹ̀, ohun tí ìlànà wọn gan-an ní kéèyàn má ṣe. Ẹyọ kan yẹn fa library tuntun, kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, dání. Ohun tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá ń wá library ti tẹ́lẹ̀, kò rí i mọ́. Ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ Unilorin ń fi project sílẹ̀ ló bọ́ sí. Wọ́n tò dé ẹnu ọ̀nà, flash lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún níwájú mi, torí ọjọ́ kejì ni tirẹ̀. Mi ò tíì gbàgbé ojú rẹ̀.

Ìgbà tí mo kó dé Debian ni mo tó mọ iṣẹ́ tí àwọn olùtọ́jú package ń ṣe. Bí ihò ààbò bá yọ, wọn kì í sábà gbé odindi ẹ̀dà tuntun lé èèyàn lọ́wọ́. Àtúnṣe yẹn nìkan ni wọ́n máa mú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀dà tó wà nílẹ̀, bí ẹni lẹ aṣọ tó ya. Nọ́ńbà iwájú ò ní yí. Ìrù rẹ̀ ni kí ẹ máa wò: bí ẹ bá rí "deb12u1" tàbí "deb12u2", ọwọ́ ti kàn án. Firefox yàtọ̀ ní tirẹ̀, torí lílẹ̀ ẹ́ ti le jù. ESR, ẹ̀dà tí Mozilla tó ni Firefox ń tọ́jú fún ìgbà pípẹ́, ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ xz, ètò tí Linux fi ń fún fáìlì pọ̀. Ní 29 oṣù Kẹta 2024, Andres Freund, ẹnìkan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kéde pé ẹnìkan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láti wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 rẹ̀. Ssh, ètò tí a fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, tó ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀ ló jẹ́ kó fura. Ẹ̀dà xz yẹn ti wọ Debian testing àti unstable, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń dán ẹ̀dà tuntun wò, ó ti wọ openSUSE Tumbleweed, Linux mìíràn tó máa ń tètè gba ẹ̀dà tuntun. Mo sáré yẹ tèmi wò lálẹ́ ọjọ́ náà: 5.4.1. Ẹ̀dà "àtijọ́" yẹn ni mo fi sùn.

Mi ò ní kí ẹ jókòó sójú kan o. Mo ti gba laptop tuntun kan tí kernel Debian 12, ọkàn ètò tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, kò mọ Wi-Fi rẹ̀ rárá; kernel inú backports, ibi tí Debian ń kó ẹ̀dà tuntun sí fún àwọn tó wà lórí èyí tó ti pẹ́, ló yọ mí. Tó bá sì jẹ́ LibreOffice nìkan ló ń dùn yín, ó wà lórí Flatpak, ọ̀nà tí ètò fi ń gbé ohun tó nílò dání, kò ní fọwọ́ kan ìyókù, àfi pé ó máa jẹ dátà.

Ṣùgbọ́n Debian 13 ti jáde láti oṣù Kẹjọ 2025, LibreOffice 25.2 ló bá a wá. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ fi tẹ ìwé oníbàárà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fọwọ́ kan mẹ́ta yòókù.