Ohùn Ta Lẹ Gbọ́ Yẹn? Ìbéèrè Yín Lórí Orin Kọ́ńtírì

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Bí Jim Reeves, Dolly Parton tàbí Don Williams bá ti la ẹnu báyìí, mo ti mọ ẹni tó ń kọrin. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá to orin kọ́ńtírì tuntun márùn-ún tẹ̀ léra, n kì í mọ ibi tí ti ẹnì kan parí sí tí ti ẹlòmíì ti bẹ̀rẹ̀. Àbí etí mi ló ti ń gbó?

Ìdáhùn: Etí yín ò gbó rárá. Àwọn tí ohùn wọn yàtọ̀ ṣì kún Nashville, ìlú tó jẹ́ ojúkò orin kọ́ńtírì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba orin sílẹ̀ ló ń fá ìyàtọ̀ náà kúrò lára wọn.

Ẹ wo Johnny Cash. Nígbà tó ń gba "I Walk the Line" sílẹ̀ ní Memphis lọ́dún 1956, kò ní onílù. Ó ki bébà bọ abẹ́ okùn gìtá rẹ̀ kó lè máa dún ṣàkà-ṣàkà bí ìlù. Kíì orin náà, ìyẹn ìpele tí ohùn dúró lé, sì ń yí padà láti ẹsẹ dé ẹsẹ, torí náà á kọ́kọ́ kùn "hùn-ùn" láti wá ibi tí ohùn máa bọ́ sí. Tó bá jẹ́ lóde òní ni, kọ̀ǹpútà ni ì bá fún un ní ìlù, wọn ì bá sì ti gé ìkùn yẹn dànù pé ariwo ni. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an la fi ń dá orin náà mọ̀.

Ohun mẹ́ta ló fà á tí orin fi ń jọra. Àwọn onígìtá àti onílù tí wọ́n ń háyà sí sítúdíò ni àkọ́kọ́. Wákàtí 3 ni ìjókòó kan sábà máa ń gbà: wọ́n á fi nọ́ńbà kọ kọ́ọ̀dù orin, ìyẹn àwọn ìró tí gìtá ń dún pa pọ̀, sórí ìwé (1, 4, 5), wọ́n á gbọ́ orin náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì lù ú. Ọ̀gá ni wọ́n, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ bí ìwọ̀nba èèyàn kan náà bá ń ta gìtá fún àìmọye olórin, báwo ni orin wọn ò ṣe ní jọra? Olórin Buck Owens ò ṣe bẹ́ẹ̀: ẹgbẹ́ tirẹ̀ láti Bakersfield, ní California, ló máa ń kó lọ sítúdíò, gìtá Telecaster ti Don Rich, onígìtá rẹ̀, á sì máa gé bí abẹ.

Ìkejì ni Auto-Tune, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń tún ohùn tó bá ṣì ṣe, tó jáde lọ́dún 1997. Àgbà olórin kọ́ńtírì ni George Jones, kì í bọ́ sórí ìró ní tààrà. Láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń yọ́ gùn ún. Willie Nelson ní tirẹ̀ máa ń jẹ́ kí ìlù ṣíwájú òun díẹ̀. Retune Speed ni ibi tí wọ́n ti ń yan bí ẹ̀rọ náà ṣe máa yára tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ló ṣe ń yára tó. Bí wọ́n bá yí i sí 0, ẹ̀rọ náà á ka yíyọ́ yẹn sí àṣìṣe, á sì já a gbà lọ sórí ìró tó sún mọ́ ọn jù. Ní ti pípẹ́ lẹ́yìn ìlù, wọ́n á fi ọwọ́ to ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí ìlà lójú kọ̀ǹpútà.

Rédíò ni ìkẹta. Títí di ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ kan ò lè ní ju ilé rédíò AM 20 àti FM 20 lọ jákèjádò Amẹ́ríkà. Òfin ọdún náà mú ìdíwọ̀n yẹn kúrò. Láìpẹ́, ilé-iṣẹ́ Clear Channel nìkan ti ní ilé rédíò tó ju 1,000 lọ. Ìwọ̀nba èèyàn ló wá ń yan orin fún ọ̀pọ̀ ìlú, orin tó lè mú kí awakọ̀ yí rédíò síbòmíì ni wọ́n sì ń bẹ̀rù jù.

Ìbéèrè: Ṣebí wọ́n ti fi ẹ̀sùn yìí kan Chet Atkins, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ ní Nashville, rí, òun ló sì darí orin Jim Reeves?

Ìdáhùn: Ẹ gbá a mú. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, òun àti Owen Bradley, olùdarí bíi tirẹ̀, ti gìtá stíìlì sẹ́yìn, wọ́n kó ẹgbẹ́ akọrin àti fáólìn rẹpẹtẹ wọlé, inú sì bí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n wọn ò fọwọ́ kan ohùn fúnra rẹ̀. Nínú "Four Walls" (1957), Reeves sún ẹnu mọ́ máíkì, ó rẹ ohùn sílẹ̀, àfi bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ sí yín létí. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, ara ò yí.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè fi etí ara mi dán an wò?

Ìdáhùn: Ní ìparí ọdún 2014, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Sir Mashalot to orin kọ́ńtírì 6 tó lókìkí léra wọn, ó sì gbé gbogbo wọn sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bára mu, ègbè pàdé ègbè. Ẹ̀yin náà, ẹ mú orin olórin 4, kí ẹ fi aago wo ìgbà tí ègbè wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ègbè àkọ́kọ́ wé èyí tó kẹ́yìn: bí mímí bá bọ́ síbì kan náà gẹ́lẹ́, ẹ̀dà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tún gbọ́ ìparí gbólóhùn. Ohùn èèyàn máa ń wálẹ̀ díẹ̀ bí èémí bá ń tán. Èyí tí wọ́n tún ṣe á dúró ṣánṣán.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ gba orin mẹ́ta sílẹ̀. Kí ni n ó ṣe tí wọn ò fi ní ba ohùn mi jẹ́?

Ìdáhùn: Kí gbogbo ẹgbẹ́ wọ yàrá kan, láìsí tíkì-tíkì ẹ̀rọ tó ń ka ìlù létí. Ẹ kọ ọ́ látòkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ mú èyí tó dáa jù lódindi. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì, ẹ tún un kọ. Bí wọ́n bá takú lórí Auto-Tune, orí ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kó mọ, kí Retune Speed má sì wálẹ̀ ju 50 lọ. Ìlù á fẹ́ wọ inú máíkì yín, nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yìn máíkì náà sí onílù. Díẹ̀ á ṣì wọlé o. Àǹfààní tiẹ̀ ni: ohùn tí ìlù ti dà pọ̀ mọ́ kì í ṣeé tún tò ní ìkọ̀kọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kò wá ku ẹnì kan tí ohùn rẹ̀ dá yàtọ̀ mọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó kù. Ẹ gbọ́ Chris Stapleton nínú "Traveller" (2015), tí Dave Cobb darí, kí ẹ sì fetí sí ibi tí ọ̀fun rẹ̀ ti ń ha.