Mo ka èdè Jámánì títí, kò dúró lórí mi

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Oṣù mẹ́fà rèé tí mo ti ń kọ́ èdè Jámánì nítorí ìdánwò B2, ìpele kẹrin nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè. Mo ti kọ ìwé mẹ́rin kún. Alaalẹ́ ni mò ń kà á lákàtúnkà, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀rọ̀ ti fò lọ. Ẹnìkan ní kí n máa wo fíìmù, ẹlòmíràn ní kí n kọ́ gírámà tán ná. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú ìforítì. Ibi tí o ti ní o kọ ìwé mẹ́rin kún, ara mi ni mo rí níbẹ̀. Kí n tó di olùkọ́ Faransé ní Adó-Èkìtì, mo da Faransé kọ títí ìka fi ń ro mí. Mo wá dé Kùtọnú, mo wọ ọjà Dantokpa láti ra aṣọ. Ìyá aláṣọ bi mí pé, "Combien?" Mélòó ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ti kọ sílẹ̀ láìmọye ìgbà! Mo dúró bí òpó. Mo mọ̀ ọ́n lójú, n kò mọ̀ ọ́n létí, n kò sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ohun tó ń ṣe ìwọ náà nìyẹn. Bí ìwé bá wà ní ṣíṣí níwájú rẹ, ojú á máa sọ fún ọ pé o ti mọ̀ ọ́n. Pa ìwé dé, kí o wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ. Kódà bí o bá kọ́kọ́ ṣì í, wíwá yẹn ló ń mú un dúró.

Gé páálí wẹ́wẹ́: Yorùbá níwájú, Jámánì lẹ́yìn. Pín páálí bàtà sí yàrá márùn-ún. Inú yàrá kìíní ni gbogbo páálí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí wàá ṣe máa dán ara rẹ wò nìyí: yàrá kìíní, ojoojúmọ́, ìkejì, ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ìkẹta, ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ìyókù á máa jìnnà sí i. Èyí tí o bá rántí, sún un sí yàrá tó tẹ̀lé e. Èyí tí o bá gbàgbé, dá a padà sí yàrá kìíní. Òǹkọ̀wé kan, Sebastian Leitner, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1972. Ṣáájú rẹ̀, ní 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrántí ènìyàn, ti fi orí ara rẹ̀ dán an wò pé ẹ̀kọ́ tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ ń pẹ́ lórí ẹni ju èyí tí a rọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan lọ.

Má kọ Löffel nìkan o: ní Jámánì, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan ní der, die tàbí das tirẹ̀ tó ń ṣáájú rẹ̀. Ṣíbí, der Löffel. Fọ́ọ̀kì, die Gabel. Ọ̀bẹ, das Messer. Má bi wọ́n léèrè ìdí. Ṣé ọmọ wa máa ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà "ọkọ̀" lọ́tọ̀, kó tó wá kọ́ ohùn rẹ̀? Bí ó ṣe gbọ́ ọ ló ṣe gbé e. Gbé der pọ̀ mọ́ Löffel bẹ́ẹ̀.

Gírámà, mú un díẹ̀díẹ̀. Bí o bá ní kó tán kí o tó sọ̀rọ̀, o ò ní sọ̀rọ̀. Fíìmù dára fún etí.

Ṣùgbọ́n ohun tó là mí lẹ́nu gan-an ni obìnrin tí mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kùtọnú. Lálaalẹ́, bó ṣe ń ṣa ẹ̀wà, á ní kí n ròyìn ọjọ́ mi fún òun ní Faransé. Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá tì, òun ni mò ń kọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìwọ náà, bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, ròyìn fún fóònù rẹ ní Jámánì: ta lo fún lábẹ́rẹ́, ta ni ara rẹ̀ ń gbóná. Ibi tí ẹnu rẹ bá ti há, kọ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sórí páálí.

Mo bá ọ kọ èyí àkọ́kọ́: ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, der Blutdruck.