Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí ló ń wú kàpásítọ̀ wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Èmi ni mò ń bójú tó iná ní ilé iṣẹ́ kan tí a ti ń ṣe ike ní Idu, l'Ábújá. Tiransifọ́mà 500 kVA ló ń fún wa ní iná, dráìfù ló sì ń darí eré àwọn mọ́tò wa. Láti ìgbà tí a ti so kàpásítọ̀ 200 kvar mọ́ ọn nítorí power factor (ìwọ̀n bí iná tí à ń gbà ṣe ń di iṣẹ́ gidi) ni àwọn kàpásítọ̀ náà ti ń gbóná, tí wọ́n sì ń wú. Mo ṣe àwòṣe gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Àwòṣe ní hàmóníìkì karùn-ún (kọ́rẹ́ǹtì tí ìgbì rẹ̀ yára ní ìlọ́po márùn-ún ju ti 50 Hz iná wa) jẹ́ 20% kọ́rẹ́ǹtì 50 Hz náà, ṣùgbọ́n ohun tí mítà ń kà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Níbo ni mo ti ṣì í? (Òǹkàwé, Idu)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá. 20% tí ẹ rí kì í ṣe irọ́, àmọ́ dráìfù tó yàtọ̀ sí tiyín ló bá mu. Hàmóníìkì karùn-ún, keje, kọkànlá àti kẹtàlá ni rẹ́kítífáyà oní-dáyóòdù mẹ́fà (apá dráìfù tó ń sọ iná AC di DC) máa ń mú wá. Bí kọ́ìlì ńlá bá wà níbi DC tó ń mú kọ́rẹ́ǹtì dúró ṣinṣin, karùn-ún yóò jẹ́ 1/5, ìyẹn 20%, keje yóò sì jẹ́ 1/7. Ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ ló wà níbi DC nínú ọ̀pọ̀ dráìfù tí à ń rà, kì í sì í gba kọ́rẹ́ǹtì àfi nígbà tí fólítì bá súnmọ́ góńgó rẹ̀. Bí kò bá sí kọ́ìlì kankan níbẹ̀, karùn-ún lè ju 20% lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ ya dáyóòdù, kàpásítọ̀ inú dráìfù àti impedance ojú iná (ìdènà rẹ̀ sí kọ́rẹ́ǹtì) fúnra wọn sínú àwòṣe náà, dípò kí ẹ fi nọ́ńbà kan tí kì í yí padà rọ́pò dráìfù.

Síbẹ̀, ohun tó ká mi lára jù ni 200 kvar yẹn. Bí impedance tiransifọ́mà yín bá jẹ́ 5% (ẹ wò ó lára páálí rẹ̀), agbára short circuit rẹ̀ (èyí tó lè tú jáde bí wáyà bá kan ara wọn) yóò jẹ́ 10,000 kVA. √(10,000 ÷ 200) jẹ́ 7.07, èyí tó fi hàn pé resonance (ìgbì tí tiransifọ́mà àti kàpásítọ̀ ti bára mu) bọ́ sórí hàmóníìkì keje gan-an, ní nǹkan bíi 350 Hz. Kọ́rẹ́ǹtì keje tí dráìfù bá tú jáde yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, yóò sì di ńlá ju bí ó ti jáde lọ. Ohun tó ń se kàpásítọ̀ yín nìyẹn.

Ní Àbújá níbí, iná ìjọba nìkan kọ́ là ń lò. Bí jẹnẹrétọ̀ 500 kVA bá gbà á, tí subtransient reactance rẹ̀ (ìdènà inú rẹ̀) sì jẹ́ 15%, agbára short circuit náà já sí nǹkan bíi 3,333 kVA. Pẹ̀lú 200 kvar, resonance sún sí 4.08, ṣùgbọ́n bí kọńtírólà (ohun tó ń tan kàpásítọ̀ ní ìpele-ìpele) bá dín kàpásítọ̀ kù sí 125 kvar, ó di 5.16, ẹ̀gbẹ́ hàmóníìkì karùn-ún tó lágbára jù lọ. Àwòṣe tí a kò dán wò lórí orísun iná méjèèjì, ní gbogbo ìpele kàpásítọ̀, kò tíì parí.

Ẹ béèrè fún kọ́ìlì 7% (ìdènà rẹ̀ jẹ́ 7% ti kàpásítọ̀) tí a óò so tẹ̀lé kàpásítọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan. Yóò mú kí ìgbì tí kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ ti bára mu wálẹ̀ sí 189 Hz, kò ní dé 250 Hz tí hàmóníìkì dráìfù ti bẹ̀rẹ̀. Fólítì orí kàpásítọ̀ yóò gòkè ní nǹkan bíi 7.5%, nítorí náà àwọn ti 415 V tẹ́lẹ̀ kò ní lè gbà á. Kí kọ́ìlì náà tó dé, ẹ já kàpásítọ̀ náà kúrò lójú iná. Owó tí power factor tó lọ sílẹ̀ yóò gbà lọ́wọ́ yín kò tó ewu kàpásítọ̀ tó bẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ dúró sí.